Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Tèmi

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé màá kọ ìtàn bí iṣẹ́ àṣekágbá wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọ̀rẹ́ mẹ́ta ká. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́: "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ kóòdù rí, ẹ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe máa ń dun ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kọ ọ́ rí, ẹ fọkàn balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Bàbá mi àgbà ló fi ìwé ìtàn Yorùbá kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papò dà. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya kúrò, ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, téèyàn bá sì ṣí i pẹ̀lú agbára, etí rẹ̀ á máa rún sílẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa parun. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀. O ò lè wá "ìjàpá" nínú àwòrán, o ò lè da gbólóhùn kan kọ láti inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o ò lè fún un ní àmì tí òǹtẹ̀wé gbàgbé. Èyí ni mo gbé tọ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ: ẹ jẹ́ ká kọ ètò kékeré kan tí yóò gba àwòrán ojú ewé, tí yóò sì dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà fún wa ní Yorùbá. Wọ́n gbà. Olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà náà gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i: ètò náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò fẹ́ iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó jẹ́ pé ẹnì kan ló dá a ṣe.

Àdéhùn yẹn dà bí ohun kékeré létí mi lọ́jọ́ náà.

Kọ̀ǹpútà tèmi ń lo Ubuntu. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, ń lo Mac tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kù fún un. Ẹnì kẹta wa, Alága, ń lo Windows. A ń pè é ní Alága torí òun ló máa ń bá wa sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ẹ̀rù olùkọ́ bá ń bà wá.

Láíbìrì tí kì í ṣe ilé ìkàwé

Tí mo bá sọ pé láíbìrì níbí, mi ò sọ ilé tí wọ́n ń to ìwé sí o. Láíbìrì ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe tán, tí ètò tìrẹ lè yá lò, kó o má bàa bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èyí tí a fẹ́ yá lò ni Tesseract, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó wo àwòrán, kó sọ àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard ni wọ́n ti kọ ọ́ láàárín 1985 sí 1994. Ní 2005 wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Google sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́ ní 2006. Lónìí, ìwé àṣẹ Apache 2.0 ló ń lò, ìyẹn ni pé o lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, o lè tú inú rẹ̀ wò, o lè yí i padà. Ó mọ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, Yorùbá sì wà lára wọn. Fáìlì tiwa ni yor.traineddata. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ fáìlì yẹn, inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ọjà àjèjì.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí ẹ ò kàn fi èyí tó ti wà ní ṣíṣe sórí kọ̀ǹpútà yín? A ṣe é. Ubuntu 22.04 tèmi fún mi ní ẹ̀dà 4.1.1. Mac Ìyá Ẹgbẹ́ fún un ní ẹ̀dà 5. Alága wa èyí tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ́ ọ. A gbé ojú ewé kan náà sí iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. Níbi tí tèmi ti rí "ọkọ̀", ti ẹnì kan rí "oko", ti ẹnì kejì rí "ọkọ". Ọkọ̀, oko àti ọkọ! Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìjàǹbá tó wà nínú ìyẹn. Bí a bá wá lọ sọ fún olùkọ́ pé ètò wa ka ojú ewé kan dáadáa, ètò ta ni?

Ibẹ̀ la ti pinnu pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba source kan náà, ẹ̀dà kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi nìyí. Téèyàn bá lọ ra àmàlà ní búkà, ó ti jinná, ìwọ kàn máa jẹ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o lè ra iṣu fúnra rẹ. Iṣu ni source, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ, tí ènìyàn sì lè kà. Compiler á bẹ iṣu náà, á sá a, á lọ̀ ọ́, yóò di èlùbọ́: ìyẹn ni àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí .o. Linker á wá kó èlùbọ́ náà jọ, á rò ó di àmàlà. Iṣu kan náà ni o, àmọ́ ààrò, ìkòkò àti omi ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan kò rí bákan náà. Màmá mi ní, "Ṣé ìwé tí o lọ kà nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ubuntu: iná àti aago

Lójú ìwé, ọ̀nà ti Ubuntu tọ́. O máa wá àwọn irinṣẹ́ bíi g++, automake, libtool àti pkg-config. O máa fi Leptonica sí i, láíbìrì mìíràn tí Tesseract gbára lé láti ṣí àwòrán àti láti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà:

./autogen.sh
./configure
make
sudo make install
sudo ldconfig

Ìlà márùn-ún péré. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta.

Configure ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ó ní òun kò rí Leptonica. Mo ní Leptonica, mo fojú ara mi rí i! Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ubuntu pín láíbìrì sí méjì. Èyí tí ètò tó ti parí ń lò wà lọ́tọ̀, èyí tí ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan nílò sì wà lọ́tọ̀. Orúkọ ìkejì ló máa ń parí sí -dev, inú rẹ̀ ni àwọn fáìlì header wà, tí wọ́n ń sọ fún compiler ohun tí láíbìrì náà lè ṣe àti bí a ṣe ń pè é. Mo fi libleptonica-dev sí i, configure sì kọjá lọ bí ẹni pé kò bínú rí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi ojúkòkòrò ṣe é. Mo kà pé téèyàn bá kọ make -j8, iṣẹ́ mẹ́jọ á máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. RAM 4GB ni kọ̀ǹpútà mi ní. Ó gan, asin kò rìn mọ́, nígbà tó sì jí, ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé wọ́n ti pa compiler. Linux fúnra rẹ̀ ló pa á, nítorí RAM ti tán. Mo dín in kù sí -j2, mo sì jókòó tì í.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì mi kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú nígbà tí iṣẹ́ ti dé àárín. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti ṣòfò, ṣùgbọ́n make gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń wo ọjọ́ orí fáìlì. Bí èlùbọ́ bá jẹ́ tuntun ju iṣu tí wọ́n fi ṣe é lọ, kò ní tún un ṣe, ibi tó kù ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ make, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó kọ ohun tó bá ìlú wa mu.

Àmọ́ aago kọ̀ǹpútà mi kò bá make ṣe. Bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago nínú rẹ̀ ti kú, nítorí náà, nígbàkigbà tó bá kú pátápátá, ọjọ́ á padà sí ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn títí tí mo bá fi tan dátà. Mi ò tan dátà lóru yẹn. Make wo fáìlì source, ó rí i pé ọjọ́ iwájú ni wọ́n ti wá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Clock skew detected. Your build may be incomplete." Gbogbo èlùbọ́ tí mo bá lọ̀ lóru yẹn, ó dà bí èyí tó ti pẹ́ ju iṣu lọ lójú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ máa lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Fáìlì .o tí ó ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ pé, inú rẹ̀ ṣófo. Linker ní òun kò mọ ohun tó jẹ́. Mo tún ọjọ́ ṣe, mo kọ make clean, mo bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ní ọjọ́ kẹta, ó parí. Mo pè é, ó ní òun kò rí libtesseract.so.5. Mo ti fo ìlà tó gbẹ̀yìn, ldconfig, tó ń sọ fún Linux pé láíbìrì tuntun ti dé sí ilé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi .so parí orúkọ rẹ̀. Ní Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan méjì di ọ̀kan, ó máa so wọ́n pọ̀ ni. Mo ti ní .so, ṣùgbọ́n kò tíì so mọ́ nǹkan kan.

Ní aago méjì òru, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìwé bàbá mi àgbà jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan ṣìnà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ni. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sínú fáìlì README, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn méjì tó kù, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ̀ lé e, ní wákàtí kan wọ́n á ti ṣe tán.

Mac: orúkọ kan náà, ẹni ọ̀tọ̀

Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ pe mí. "Kí ló ń jẹ́ nproc?"

Nínú README mi, mo ti kọ make -j$(nproc). Lórí Ubuntu, nproc á sọ iye ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, make á sì lo iye yẹn. Kò sí nproc lórí Mac tirẹ̀. Nígbà tí kò sí, nǹkan kan kò kù lẹ́yìn -j, make sì túmọ̀ -j lásán sí pé kí iṣẹ́ máa lọ láìní òdiwọ̀n. Mo ti dá ara mi lẹ́kun ojúkòkòrò, mo wá lọ kó o ránṣẹ́ sí ọmọlọ́mọ. Mac rẹ̀ gbóná, ó sì lọ́ra débi pé kò rí ojú ìwé kankan ṣí.

Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni libtool. Ó wà lórí Mac rẹ̀, README ní kó wà, ó wà. Ṣùgbọ́n libtool ti Apple àti libtool ti GNU kì í ṣe ẹnì kan náà, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, bí Táíwò ìdílé yìí kì í ṣe Táíwò ìdílé kejì. Ìdí nìyẹn tí Homebrew fi ń pe ti GNU ní glibtool. Ẹ̀kẹta, mo ti kọ ọ́ pé /usr/local ni ó ti máa rí Leptonica. Lórí àwọn Mac àtijọ́ tó ń lo Intel, òótọ́ ni, ibẹ̀ ni Homebrew ń kó nǹkan sí. Lórí tirẹ̀ tó ń lo M1, /opt/homebrew ni. Ẹ̀kẹrin, ldconfig kò sí níbẹ̀ rárá. Láíbìrì ti Mac kì í jẹ́ .so, .dylib ló ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé sí inú báàgì rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ kò pariwo. Ó yanjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé kékeré. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó wá kó àwọn àwòrán tí òun ti gé dáadáa sínú zip kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Fáìlì kan ń jẹ́ Ìjàpá.png. Mo rí i kedere nínú fódà. Ètò wa ní kò sí níbẹ̀.

Mo fi gbogbo ọ̀sán wá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà lè kọ "ì" ní ọ̀nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì, tàbí gẹ́gẹ́ bí "i" tí àmì wá gùn lórí. Lójú wa, wọn ò yàtọ̀. Zip rẹ̀ kó orúkọ náà wá ní ọ̀nà kejì, èmi sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà àkọ́kọ́. Fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú Linux, nígbà tí Mac gbà pé ọ̀kan ni wọ́n. Ti "ọ́" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Unicode, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ tó ní àmì òkè. Àmì gbọ́dọ̀ gùn ún ni, àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè sì lè wá ní oríṣiríṣi ètò. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ bá Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan náà, NFC la yàn ní tiwa, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀kan wé èkejì. Ṣáájú ìgbà yẹn, à ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ètò wa gbà sí èyí tó kùnà.

Windows: orúkọ fódà

Ó wá ku Alága.

Alága ti ń fi àwòrán error ránṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀kan ní sudo kò sí. Ọ̀kan ní ./autogen.sh kì í ṣe ohun tí òun mọ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò lọ, bóyá README ló ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo dá a lóhùn níwájú Ìyá Ẹgbẹ́ pé: "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi. Bóyá kó o lọ wá kọ̀ǹpútà gidi."

Kò fèsì. Ọjọ́ méjì kọjá, kò fèsì. Ìyá Ẹgbẹ́ ló pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé o mọ̀ pé owó àjọ màmá rẹ̀ ni wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà yẹn? Ọdún kan ni wọ́n fi dá a." Mi ò mọ̀. Mo ní, "Ṣùgbọ́n..." Ó ní, "README tí o fún mi náà kò ṣiṣẹ́. Mo kàn tún un ṣe láìsọ fún ẹ ni." Ó fún mi ní ìwé kékeré rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ló kún fún àtúnṣe.

Mo lọ sí yàrá Alága nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mo ṣàṣejù." Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Jókòó. Òun nìyí. Tẹ̀ lé ìwé tí o kọ."

Mo jókòó síwájú Windows, mo ṣí README ara mi, mi ò lè ṣe ìlà àkọ́kọ́. Ìlà tó sọ pé kí ó lọ sí fódà /home tó jẹ́ orúkọ tèmi wà níbẹ̀. Ilé ara mi ni mo júwe, mo wá ń bínú pé àlejò ṣìnà.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí Windows, a lo Visual Studio àti CMake, a sì gba vcpkg láti bá wa kọ́ Leptonica láti source. Linker kọ̀, ó ní irú ẹ̀rọ x86 kò bá x64 mu. Ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí tí Visual Studio ń fúnni ju ẹyọ kan lọ, ti x86 wà, ti x64 wà. Alága ti ṣí ti x86 nítorí òun ló wà lókè. Ìdajì èlùbọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìdá mìíràn. Nígbà tó kọ́ tán, ètò ní òun kò rí DLL ti Leptonica. Windows kì í kọ àdírẹ́sì sínú báàgì bíi ti Mac, kò sì ní ldconfig. Inú fódà tí ètò fúnra rẹ̀ wà ló ti máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà inú àwọn fódà ti Windows fúnra rẹ̀, kó tó wá kan àwọn tó wà nínú PATH. A da DLL náà sí ẹ̀gbẹ́ ètò wa. Ó ṣí.

Ó ṣí, ó sì kọ àkọlé wa sójú. Kàkà kó kọ "ẹ", ó kọ "áº¹". Kàkà kó kọ "ṣ", ó kọ "á¹£". Alága ní, "Owó pọ́ùn ti wọ inú Yorùbá wa." Ẹ̀rín tí a kọ́kọ́ jọ rín láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Compiler ti Visual Studio kò mọ̀ pé UTF-8 ni a fi kọ kóòdù wa. A fi /utf-8 sí àṣẹ rẹ̀, a tẹ chcp 65001 sí ojú dúdú, ọ̀rọ̀ sì tò.

Ó wá ku ohun kan. Ètò wa kò lè ṣí àwòrán kankan lórí kọ̀ǹpútà Alága. Fáìlì wà níbẹ̀, ó ní kò sí. Aago mọ́kànlá ti lù kí n tó wo orúkọ fódà rẹ̀ dáadáa: Iṣẹ́ Àṣekágbá. Ètò tí kò bá sọ pé UTF-8 ni òun ń lò, Windows máa ń fún un ní orúkọ fáìlì ní ìkọ̀wé àtijọ́ tí kò ní ṣ, tí kò ní ẹ.

Mo ní, "Á rọrùn. Yí orúkọ fódà náà padà sí project."

Alága wò mí. "Ètò tó ń ka Yorùbá ni à ń ṣe, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò wá lè wọ inú fódà tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. O sì ní kí n yí orúkọ náà padà."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń lo kọ̀ǹpútà. A ń yọ àmì kúrò lórí orúkọ ara wa kí fọ́ọ̀mù má bàa kọ̀ ọ́. A ti ṣe é títí, kò tiẹ̀ dun wá mọ́. Ó dun Alága.

Òun ló rí ojútùú rẹ̀, kì í ṣe èmi. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1903, ètò lè fi fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní manifest kéde pé UTF-8 ni òun ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni activeCodePage. Ó fi sí i, ó tún un kọ́, ó sì gbé ojú ewé bàbá mi àgbà kalẹ̀ láti inú Iṣẹ́ Àṣekágbá. Gbólóhùn kan náà tí mo rí ní aago méjì òru ló jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó ṣìnà, ní ibi kan náà. Inú mi dùn sí àṣìṣe yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àṣìṣe wa ti di ọ̀kan. Nísinsìnyí, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

README tuntun

A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kọ README mìíràn. Apá mẹ́ta ló ní. Èmi kọ ti Windows, Alága kọ ti Mac, Ìyá Ẹgbẹ́ kọ ti Ubuntu. Òfin kan ṣoṣo la fún ara wa: ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà náà ni kó kọ ọ́, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà ni kó tẹ̀ lé e láìbéèrè ohunkóhun. Bó bá ní láti béèrè, ìwé náà kò tíì pé. A pa fódà tuntun fún ìdánwò náà, a sì rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ ní ẹ, ọ àti ṣ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà gbogbo irinṣẹ́ tẹ́ ẹ lò sílẹ̀. Ẹ ka error láti òkè wá, torí èyí tó kọ́kọ́ jáde ló sábà ń jẹ́ òótọ́, àwọn yòókù ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹlòmíràn bá sì ní kò ṣiṣẹ́ lórí tòun, ẹ lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ wa síwájú olùkọ́, kò lo kọ̀ǹpútà kankan nínú tiwa. Ó mú tirẹ̀ jáde, ó ṣí README, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tó wà níbẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wa wà lẹ́yìn. Kò bi wá ní ìbéèrè kan títí ó fi parí. Nígbà tó tó àkókò láti pe orúkọ fódà, ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀, ó fi gbogbo àmì sí i, ó wo ojú wa, ó sì tẹ Enter.

Ó ṣí.